Kì í Ṣe Ṣóyínká Ló Kọ́kọ́ Fi Olóògùn Ṣe Yẹ̀yẹ́

Bí ẹ bá ka ewì "Abiku" ti Wọlé Ṣóyínká nílé ìwé girama, àfàìmọ̀ kí tíṣà yín má ti sọ ohun tí tèmi sọ: pé ọ̀mọ̀wé tó ti dé Yunifásítì Leeds ló jókòó tó ń fi àṣà àwọn bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rí wọn ò jìnnà. Ọmọ inú ewì náà ní asán ni ẹ̀gbà tí wọ́n kó sí òun lẹ́sẹ̀, ewúrẹ́ àti owó ẹyọ ò kan òun, iṣu kì í sì í ta nínú ońdè.

Ṣé ẹ rántí òwe yìí: àbíkú sọ olóògùn dèké? Àwọn tó ń ra ewúrẹ́ ọ̀hún, tí wọ́n ń sanwó fún olóògùn ọ̀hún, ni wọ́n ń pa á. Wọ́n mọ̀ pé oògùn náà lè má jẹ́. Wọ́n ṣe é síbẹ̀, torí ọmọ ni.

Ẹ wá wo orúkọ. Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó: ẹ̀bẹ̀ ni. Bí ẹ̀bẹ̀ ò bá ràn án, wọ́n á fajúro. Àkísàtán: àkísà tí a ó fi dì ọ́ sin ti tán. Kòsọ́kọ́: ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ ò sí mọ́. (Ẹni tó jẹ́ orúkọ yìí dàgbà, ó sì jọba Èkó láti 1845 sí 1851.) Òbí ló ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, ọmọ ò sì fèsì.

Èsì yẹn ni Ṣóyínká kọ. Àbíkú ni "èmi" tó ń sọ̀rọ̀ látòkèdélẹ̀, níbẹ̀ sì ni ọ̀nà tuntun akéwì wà. Èèlò tó kó sínú rẹ̀ kì í ṣe tuntun rárá. Wọ́n máa ń so irin àti ṣaworo mọ́ àbíkú lẹ́sẹ̀ kí ariwo rẹ̀ lè lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá. Wọ́n máa ń sàmì sí òkú rẹ̀ lára kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá tún yà. Nínú ewì náà, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe é: ẹ mú ìkarahun ìgbín tó ti gbóná, ẹ fi jó mi láyà dáadáa. Ká ní akéwì fẹ́ sọ pé irọ́ ni àbíkú, ṣé òun ni ì bá fún ní gbogbo ọ̀rọ̀ sọ, tí ì bá tún jẹ́ kó borí?

Ìwé tó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Aké, tó jáde ní 1981, tún tú àṣírí kan. Ọmọbìnrin ẹni tó ń bójú tó ilé ìtàwé, nínú ọgbà àwọn onígbàgbọ́, jẹ́ àbíkú. Àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe sàárà fún un, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé á lọ, ọmọ náà sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ibẹ̀ ni mo rò pé ìgbéraga ohùn inú ewì yẹn ti wá.

Àwọn kan á ní àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell ni gbogbo rẹ̀, ká pa ìwé dé. Ó pa ọmọ púpọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibà àti èéyi náà pa wọ́n, kò sì sí èyí tó ṣàlàyé ìdí tí ọmọ inú ewì fi ń fẹnu ṣe fọ́ńté.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni "Abiku" ti J. P. Clark, akéwì Nàìjíríà mìíràn, tí wọ́n máa ń kà pọ̀ mọ́ ti Ṣóyínká. Bàbá Clark, Ìjọ́. Ìyá rẹ̀, Úròbò. Ó tiẹ̀ fi àpá ara ọmọ náà wé ẹnu ẹja. Síbẹ̀ òun ló ń bẹ̀ ẹ́: òrùlé wa ń jò o, ṣùgbọ́n wọlé kí o dúró, ó ti rẹ ìyá rẹ. Ọmọ Yorùbá kọ èsì àbíkú. Ọmọ Ìjọ́ ló ń pe Málọmọ́.