Kí Ẹ Tó Jápa, Ẹ Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Òkùnkùn Oṣù Kejìlá

Ẹ̀yin ará ilé n'Ìbàdàn, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Mo mọ̀ pé físà ti jáde fún ọ̀pọ̀ nínú yín, àwọn kan sì ti ń ta fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ wọn. Gbogbo ẹni tó ń gbà yín nímọ̀ràn ló ń sọ̀rọ̀ owó ilé, owó iléèwé àti bí ẹ ó ṣe tètè ríṣẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ẹ gbọ́ tiwọn. Tèmi ni ìgbà òtútù, pàápàá òkùnkùn inú rẹ̀, nítorí mo ti rí àwọn ọmọ wa tó gbọ́n, tó lágbára, tí iṣẹ́ wọn ń lọ déédéé, tí oṣù Kejìlá ṣì dá wọn dùbúlẹ̀.

Aberdeen ni mo wà, létí òkun lápá àríwá Scotland. N'Ìbàdàn, ì báà jẹ́ oṣù Kẹfà, ì báà jẹ́ oṣù Kejìlá, oòrùn ti máa ń yọ kí aago méje tó lù, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ á sì kọjá kó tó wọ̀. Níbí, tó bá di December 21, aago 8:45 àárọ̀ ló ń yọ, nígbà tó bá fi máa di 3:30 ọ̀sán, ó ti wọ̀. Ọ̀sán gangan pàápàá, kò ní gòkè tó bẹ́ẹ̀. Bèbè òrùlé ló ń gbà kọjá. Ayé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń yí oòrùn po, ìwọ̀n dígírì 23 ààbọ̀ ló sì fì. Ní ìgbà òtútù, apá àríwá ló fì kúrò lọ́dọ̀ oòrùn. Bí ìlú bá ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé (equator) tó ni òru rẹ̀ ń gùn tó: Ìbàdàn fi dígírì 7 jìnnà sí i, Aberdeen fi 57. Ẹni tó ń lọ sí London máa rí ìmọ́lẹ̀ bíi wákàtí mẹ́jọ, kó má rò pé òun ti bọ́.

Ẹ ó jáde lọ síbi iṣẹ́ nínú òkùnkùn, ẹ ó sì padà sílé nínú òkùnkùn, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ara á wúwo. Oorun ò ní tán lójú. Ẹ ó máa jẹ nǹkan dídùn ṣáá, ìpè láti ilé pàápàá á máa sú yín gbé. Bó bá dà bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé aráyé ló wà nídìí ẹ̀. Àìsàn tí àwọn dókítà mọ̀ ni, seasonal affective disorder ni wọ́n ń pè é. Norman Rosenthal àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé ìwádìí lórí rẹ̀ ní 1984, ìtọ́jú sì wà. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lọ bá dókítà yín, kí ẹ sọ gbogbo bó ṣe ń ṣe yín láìtijú.

Ọ̀rọ̀ fítámìn D náà wà níbẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, oòrùn ibí kò lágbára tó láti jẹ́ kí ara wa ṣe é. Ìjọba Britain fúnra wọn gba àwa aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn pé ká ronú lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Oògùn náà kò wọ́n. Ní ti aṣọ, ẹ má wulẹ̀ gbé kóòtù ńlá láti Dùgbẹ̀ wá. Ibí ni kí ẹ ti ra èyí tí òjò àti atẹ́gùn kò lè gbà kọjá, kí ẹ sì ra bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, torí yìnyín máa ń bo títì láàárọ̀ láìhàn sójú. Ọ̀rọ̀ ẹrù tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó mú mi dúró níbí ni pé mo ń jáde. Ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn, ẹ má jẹ́ kó kọjá lórí yín nínú ilé. Bí kùrukùrù tilẹ̀ bo ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ ìta ju iná inú ilé lọ ní ìlọ́po púpọ̀, òun ló sì ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí ẹ bá sì ti jáde, ẹ máa wò. Mo bẹ̀ yín, ẹ wò dáadáa, nítorí ìgbà òtútù kò ṣófo.

Ẹyẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní robin, àyà rẹ̀ pọ́n bí epo. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ bá ti dákẹ́, òun á ṣì máa kọrin, akọ àti abo. Oníkálukú ń ṣọ́ ilẹ̀ tirẹ̀. Bí iná títì bá wà nítòsí, ó lè kọrin lóru. Àwọn ẹyẹ ńlá kan tún wà tó jọ pẹ́pẹ́yẹ. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ń parí lọ, wọ́n á máa wọlé láti Iceland àti Greenland lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ lójú sánmà, ariwo wọn á sì ti ṣáájú wọn dé. Òtútù ilé wọn ni wọ́n sá fún. Scotland tí àwa ń gbọ̀n nínú rẹ̀ yìí ni ibi ìsádi tiwọn! Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí ni ojú tí mo fi ń wo ìlú yìí ti yí padà. Lásìkò yẹn kan náà, alápàáńdẹ̀dẹ̀ ń kúrò níbí bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín. Ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, èyí tó ń ti Yúróòpù wá sùn níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan.

Òkúta gíránáítì ni wọ́n fi kọ́ Aberdeen. Eléérú ni, ó lè ba èèyàn nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá tàn sí i lára lẹ́yìn òjò, gbogbo ògiri á máa dán wìnnìwìnnì. Òkùnkùn gígùn yẹn náà ló sì ń jẹ́ ká rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń jó lójú ọ̀run àríwá ní alẹ́ mìíràn. Mo ti rí i rí, mo dúró, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ọjà'ba, kì í lọ sùn tààrà tó bá ti iṣẹ́ òru dé. Á kọ́kọ́ dé etí òkun, á dúró títí ojú á fi mọ́ kedere. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ló ń fi dúpẹ́, á dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìgbì yìí, ẹyẹ yìí, ojú ọ̀run tó pọ́n yìí. Ó ní ọpẹ́ tí òun fojú rí ló ń gbé òun dé òru kejì. Mo gbà á gbọ́, torí mo mọ bó ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀.

N'Ìbàdàn níbẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irú wíwò yìí. Ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí, ẹ lọ sí Ẹlẹ́yẹlé láàárọ̀, ẹ lọ sí Agodi, ẹ lọ wo àwọn igi tíìkì tó ń wọ́wé. Ẹ bi àwọn òbí yín lórúkọ igi tó wà ládùúgbò. Igbó kan wà nínú ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Ìdí-Ọ̀ṣẹ́, ẹyẹ púpọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹyẹ dúdú-pupa kan tilẹ̀ wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, Ibadan malimbe, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa ń fi ìlú sílẹ̀ láìgbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ yín bá pè nínú oṣù Kejìlá, ẹ bi í bóyá ó jáde lónìí.

Ẹni tó bá ń bọ̀ ní oṣù Kìíní, àárín òkùnkùn lẹ ó bọ́ sí, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di oṣù Kejì, ojúmọ́ á ti máa fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin gùn sí i lójoojúmọ́, òdòdó funfun tí wọ́n ń pè ní snowdrop á sì ti máa yọ nínú koríko. Bí Aberdeen bá ni ẹ ń bọ̀, tí ẹ kò mọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ̀wé sí mi. Ọjọ́ Sátidé la máa ń rìn, aago mọ́kànlá àárọ̀, láti ọgbà ìgbafẹ́ Duthie Park. Tí òtútù bá pọ̀ jù, a máa ń wọ inú ilé gíláàsì tí wọ́n gbin ewéko ilẹ̀ olóoru sí níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.