Títọ̀ geere kọ́ ni ẹ̀rí pé kò sí jẹjẹrẹ prostate

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àníyàn wa. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́, tó ti ń lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn ní Òṣogbo, pé ọkùnrin tó bá ń tọ̀ geere kò lè ní jẹjẹrẹ prostate (ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin), àti pé ẹni tó bá ń dìde tọ̀ lóru ti ní i, kò rí bẹ́ẹ̀.

Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a pò pọ̀. Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Prostate tó wú lásán, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbà ọkùnrin, sábà máa ń wú láti àárín, níbi tí ọ̀nà ìtọ̀ gbà kọjá, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń há. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní apá ẹ̀yìn òde, tó jìnnà díẹ̀ sí ọ̀nà ìtọ̀, nítorí náà ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìfi àmì kankan hàn.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, tó ń wọn èròjà kan tí prostate ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, náà kì í dá ẹjọ́ yìí tán, torí pé wíwú lásán tàbí kòkòrò àrùn lè gbé e sókè. Ẹran díẹ̀ tí dókítà bá mú nínú prostate, tí wọ́n sì yẹ̀ wò, ló ń fìdí jẹjẹrẹ múlẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ prostate ni wọ́n ń yọ: òmíràn, wọn a kàn máa ṣọ́ ọ.

Ẹ bi dókítà ọ̀nà ìtọ̀ ní ilé ìwòsàn UNIOSUN pé apá ibo nínú prostate ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àìsàn méjèèjì ti ń bẹ̀rẹ̀.