Ẹ Yé É Pe Jimmy White Ní Olórí Burúkú

Inú ṣì ń bí mi di bí mo ṣe ń tẹ eléyìí. Mo lọ gẹ irun ní ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ wa ní Peckham ní London níbí, snúkà, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò lórí tábìlì, wà lórí tẹlifíṣọ̀n, bí wọ́n ṣe fojú Jimmy White, agbásnúkà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, hàn báyìí ni ẹ̀gbọ́n kan pariwo pé ẹ wo olórí burúkú, fáínà mẹ́fà, kò gba ẹyọ kan! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ó tún ní orí la fi ń mú ẹran láwo.

Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń dé fáínà World Championship, ìdíje àgbáyé snúkà, lẹ́ẹ̀mẹ́fà pẹ̀lú orí burúkú? Steve Davis nà án 18-16 (iye fíréèmù, ìyẹn ìpele eré, tí kálukú gbà) ní 1984, wọ́n dẹ̀ tún nà án láti 1990 dé 1994, ọdún márùn-ún gbáko, Stephen Hendry nìkan gba mẹ́rin níbẹ̀. Ní 1992 Jimmy ti ń lé e ní 14-8, àfi bí Hendry ṣe gba mẹ́wàá léraléra! Ẹlòmíì ò ní padà wá sí Sheffield, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje yẹn, mọ́ láyé ẹ̀. Ó padà wá.

Ti 1994 yẹn ló ń dùn mí jù. May 2, ọjọ́ ìbí ẹ̀ gan-an, ó pé ọdún 32, 17-17, ó ku fíréèmù kan ṣoṣo, Jimmy ti wà níwájú pẹ̀lú póìǹtì 37 sí 24, bọ́ọ̀lù dúdú wà ní ojú àmì ẹ̀, irú èyí tó ti gbá wọlé àìmọye ìgbà láti kékeré ní Tooting. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó gbá a, kò wọlé. Hendry dìde, ó kó póìǹtì 58 lẹ́ẹ̀kan náà, ó tán.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n yẹn pé kì í ṣe orí o, ọwọ́ ni, ọwọ́ ẹ̀ yá jù, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Whirlwind, ìjì líle, nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn náà ló fi kó póìǹtì 147, tí í ṣe góńgó nínú snúkà, ní ìdúró kan ní Crucible, gbọ̀ngàn ìdíje yẹn ní Sheffield, ní 1992, èèyàn kan ṣoṣo ló tíì ṣe irú ẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà ló fi gba Masters, tó fi gba UK Championship, ìdíje ńlá méjì mìíràn. Tó bá rọra ṣe ni, ṣé á tiẹ̀ dé fáínà kankan?

Mo délé, mo tún wo bọ́ọ̀lù dúdú yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mi ò rí i pé ó kánjú tó bí mo ṣe sọ ní ṣọ́ọ̀bù.