Ẹni tó gún yín lábẹ́rẹ́ oorun ò lọ síbì kankan o

Lánàá nínú kórópe tí mo wọ̀ ní Sábọ̀, ìyá kan ń sọ fún ọmọ ẹ̀ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ pé ẹni tó ń gúnni lábẹ́rẹ́ oorun yẹn, abẹ́rẹ́ kan péré ló máa gún, ó ti bá tiẹ̀ lọ nìyẹn, dókítà tó mú ọ̀bẹ ló ń ṣiṣẹ́, kí wá ni wọ́n ń gba owó tiẹ̀ lọ́tọ̀ fún? Gbogbo mọ́tò ló gbè é lẹ́yìn. Mi ò lè dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní thíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, ní Ìkòròdú níbí, apá ibi orí yín lonítọ̀hún máa ń wà, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi lajú. Oorun tí wọ́n ń kùn yín yẹn kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀fọn máa jẹ yín tẹ́ ẹ máa ta jí. Oògùn kan wà n'bẹ̀ tó ń dẹ iṣan, tí wọ́n bá ti fún yín, ẹ ò lè dá mí mọ́, onítọ̀hún ló máa ki rọ́bà sí yín lọ́nà ọ̀fun tá á máa bá yín mí. Ojú ẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi há yín níka, bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ yín bá ti ń já bọ̀ sí ìdá 90 nínú 100, ó ti dìde nìyẹn. Ìṣẹ́jú 5 síra wọn ló ń wo bí-pí, ìyẹn ìfúnpá yín. Àwọn aláboyún tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn kí wọ́n má bàa mọ ìrora iṣẹ́ abẹ, tí wọn ò sùn rárá, bí-pí tiwọn lè já lójijì, òun náà ló máa sáré fún wọn lóògùn tó máa gbé e sókè.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni irọ́ tí àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ń pa fún un. Ó bi obìnrin kan pé ṣó ti jẹun, ó ní rárá, àṣé ìyá ọkọ ẹ̀ ti fún un ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ pé kó lè lágbára. Bó ṣe sùn báyìí, mọ́ínmọ́ín ń bọ̀ lẹ́nu. Tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà ńlá ni. Ẹni tí wọ́n ní ó ti lọ yẹn ló yí orí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń fi ẹ̀rọ fà á jáde, òógùn bo gbogbo iwájú orí ẹ̀. Ọlọ́run ṣeun, obìnrin yẹn yè é. Kó tó di iṣẹ́ abẹ, ó kéré tán, wákàtí 6 ni kẹ́ ẹ fi yàgò fún oúnjẹ, 2 fún omi lásán.

Ọmọ yẹn wá rọra bi mí pé àgbo ńkọ́. Mo ní sọ ọ́ fún ẹni tó máa gún ẹ lábẹ́rẹ́ oorun, má fi ìgò ẹ̀ pamọ́, ayù àti atalẹ̀ tó pọ̀ nínú ẹ̀ lè máà jẹ́ kẹ́jẹ̀ tètè dá. Ó wo ìyá ẹ̀ lójú.