Kì í ṣe ìwé ló da orí ọmọ náà rú

Bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́ ní yunifásítì LAUTECH, ọ̀pọ̀ òbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀: "Rọra kàwé o, kí ìwé má baà yí ọ lórí." Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bá sì ń dá sọ̀rọ̀ kiri, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò á ti fẹnu kò pé ìwé ló kà jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé kíkà, bó ti wù kó pọ̀ tó, kì í fa wèrè. Èrò yìí ń ṣe àwọn ọmọ wa ní jàǹbá, nítorí ìwé ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kí wọ́n gbé lọ rí dókítà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọpọlọ ń ṣe gan-an. Ojú kì í ṣàn lórí ìlà bí omi, fífò ló ń fò. Á dúró fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, á fò, á tún dúró. Ohun tó rí á lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ, á sì dé ibì kan lápá òsì, nísàlẹ̀, tó mọ ojú lẹ́tà dáadáa. Stanislas Dehaene àti Laurent Cohen ní Faransé wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ lórí ibẹ̀. Kò sẹ́ni tí wọ́n bí iṣẹ́ yìí mọ́. Kíkọ́ ìwé ló ń kọ́ ọpọlọ bẹ́ẹ̀, títí kan ọpọlọ màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà.

Lẹ́yìn náà ni ìtumọ̀. Ní 1980, Marta Kutas àti Steven Hillyard ní Amẹ́ríkà ṣe ìdánwò pẹ̀lú àwọn tó ń kàwé, wọ́n so wáyà mọ́ wọn lórí. Wọ́n rí i pé tí ọ̀rọ̀ tí kò bá gbólóhùn mu bá yọjú, ọpọlọ á fi hàn láàárín nǹkan bí 400 mìlísẹ́kọ́ǹdì. Ẹ ka èyí: "Ìyá ro àmàlà, ó wá bu ewédú sínú bàtà." Ọpọlọ yín kọsẹ̀ níbi bàtà. Kò fara pa. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Iṣẹ́ yẹn kì í sì í sun ún bí iná. Ọpọlọ àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 1.4, ó sì ń jẹ nǹkan bí 20 nínú 100 agbára tí ara ń lò, ì báà jẹ́ ìwé ìṣirò la dojú kọ, ì báà jẹ́ pé a jókòó lásán. Díẹ̀ ni ìwé tó le ń fi kún un, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé ooru rẹ̀ kúrò ní gbogbo ìgbà.

Orí gbígbóná tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ wá ńkọ́? Wọn ò parọ́. Raymond Prince, dókítà àrùn ọpọlọ láti Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, kọ nípa rẹ̀ ní 1960. "Brain fag" ló pè é, orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é nígbà náà: orí á gbóná, nǹkan á máa rìn lórí bí èèrà, ojú á máa ta, ìwé ò ní wọlé. Ẹni tó tẹjú mọ́ ìwé kì í ṣẹ́jú tó, ojú á gbẹ. Orí fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí kìlógíráàmù 5. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ síwájú lórí bẹ́ẹ̀dì fún wákàtí mẹ́ta, ìrora ọrùn á gòkè dé àtàrí. Ìbẹ̀rù ìdánwò á tún fi tirẹ̀ kún un. Ìnira gidi ni, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ wèrè.

Òótọ́ kan wà nídìí ìbẹ̀rù àwọn òbí: ọ̀rọ̀ a máa wọ ara. Bí wọ́n bá ki ènìyàn ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ á wú, iṣan tín-tìn-tín ìdí irun ló ń fà. Ewì tí a fojú kà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìtàn inú ìwé sì lè mú wa sunkún nítorí ẹni tí kò gbé ayé rí. Catherine Harris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2003 lórí àwọn ará Tọ́kì tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì: ìbáwí ní èdè abínibí mú kí ọwọ́ wọn làágùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ṣùgbọ́n orí tó wú á rọlẹ̀, omijé á gbẹ. A kò sì gbọ́ ọ rí pé oríkì ya ẹnì kan ní wèrè.

Ọjọ́ orí ló ń tàn wá jẹ. Schizophrenia, ọ̀kan nínú àwọn àrùn ọpọlọ tó le jù, sábà máa ń yọjú láàárín nǹkan bí ọdún 16 sí 30. Ta ló wà ní ọjọ́ orí yẹn nílùú tó ní yunifásítì? Àrùn náà ń ṣe ọmọṣẹ́ télọ̀, ó ń ṣe ọlọ́kadà ní Tákíè, ó ń ṣe ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, a kì í sì í sọ pé aṣọ rírán ló yí i lórí. Ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ìwé ń jẹ̀bi rẹ̀. Nígbà mìíràn, àìsàn ló ṣáájú: nítorí pé ọpọlọ kò dúró mọ́, ọmọ náà ń ka ojú ewé kan náà ní ogún ìgbà, tàbí kó máa kọ̀wé ní gbogbo òru. Ìwé ni ará ilé kọ́kọ́ rí, wọ́n wá mú un lọ́daràn.

Ohun tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù ni àìsùn. Ẹni tó jí ní aago 6 àárọ̀, bó bá di aago 11 alẹ́, ó ti lo wákàtí 17 lójúfò, iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ sì ti lè dín kù bíi ti ẹni tó mutí díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní TDB, kíkàwé títí ilẹ̀ fi mọ́, ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́. Òru méjì tàbí mẹ́ta láìsùn rárá lè mú kí ènìyàn máa rí ohun tí kò sí, kí àìsàn tó lúgọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì gbérí. Kọfí tí a mu ní aago 10 alẹ́, nǹkan bí ìdajì èròjà tó ń lé oorun nínú rẹ̀ ṣì lè wà nínú ara ní aago 3 òru, èròjà kan náà ló sì wà nínú obì. Igbó tí àwọn kan ń fà kí ìwé lè wọlé burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ń sún ọ̀dọ́ súnmọ́ àrùn ọpọlọ gan-an.

Ẹ kàwé fún ìṣẹ́jú 45 sí 50, kí ẹ sinmi 10. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, ẹ gbójú sókè, kí ẹ wo ohun tó jìnnà tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ẹ sì máa ṣẹ́jú. Ìwé yẹ kó jìnnà sójú tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40, lórí tábìlì. Bí iná bá lọ, ẹ má gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù kọjú sí ojú yín, ẹ̀gbẹ́ ni kó ti wá. Ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sọ ohun tí ẹ kà láìwò ó. Ìyẹn wúlò ju kíkà á lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ sùn wákàtí 7 ó kéré tán. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tó kà jọ.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, bí kò bá sùn fún òru mẹ́ta tí kò sì rẹ̀ ẹ́, bó bá gbà pé gbogbo ayé ń ṣọ́ òun, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ LAUTECH àti ti Bowen wà nínú ìlú, UCH Ìbàdàn náà sì ní ẹ̀ka àrùn ọpọlọ. Wọ́n lè kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí ibà tó wọra lè mú kí ènìyàn máa sọ ìsọkúsọ. Ẹ má ṣe dè é mọ́lẹ̀, ẹ má sì nà án. Ẹ sọ oògùn tó ti lò fún dókítà, títí kan igbó, láìfi ohunkóhun pamọ́. Bára rẹ̀ bá ti ń balẹ̀, ẹ bi dókítà ìgbà tó lè padà sídìí ìwé, kó sì fi ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ bẹ̀rẹ̀.