Ta ló tún lọ fọwọ́ kan kámẹ́rà kẹta?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ lónìí, inú ń bí mi gan-an ni. Kámẹ́rà mẹ́rin la tò yí ibi téèyàn á ti máa rìn ká, ká lè rí bí orúnkún ẹ̀ ṣe ń ká. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ lajú lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni mo ṣe fa wáyà trigger, èyí tó ń sọ fún kámẹ́rà pé kó yàwòrán, látara táímà kan ṣoṣo lọ sára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pulse 30 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, pulse kan, àwòrán kan. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó ti wáyà yẹn o! 3.3V ni táímà ń gbé jáde, kámẹ́rà ò tiẹ̀ kà á sí, àfìgbà tí mo fi transistor gbé e dé 24V tí mo so ground, wáyà tí iná ń gbà padà, gbogbo wọn pọ̀. Ó ṣiṣẹ́. Mo lọ sùn.

Lẹnì kan bá wọlé, ó ní àwòrán kámẹ́rà kẹta ṣókùnkùn, ló bá fa exposure, ìyẹn àsìkò tí kámẹ́rà fi ń lajú, láti 5 ms (ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ǹdù) lọ sí 28, kò bi mí, kò kọ ọ́ síbì kankan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: pulse kan sí ìkejì, 33 ms ni. Kámẹ́rà yẹn sì ń lo bíi 8 ms láti kó àwòrán jáde kó tó lè ya òmíì. 28 pẹ̀lú 8, 36 nìyẹn! Pulse tó ń bọ̀ á bá a lẹ́nu iṣẹ́, kò ní dá a lóhùn. Ó ń ya ọ̀kan, ó ń fo ọ̀kan.

Bàbá tí orúnkún ń dùn rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, òógùn bò ó, àwọn kámẹ́rà mẹ́ta kó àwòrán 18,000 wá, ìkẹta kó 9,000, kò sì wí nǹkan kan! Kò sí iná pupa, kò sí error. Ó lè kìlọ̀ o, àmọ́ pípa ni wọ́n pa ìkìlọ̀ yẹn wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, kí ló dé? Software wá ń tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dé, àwòrán 100 ti kámẹ́rà kẹta, pulse 199 ló ni ín, òun ló lọ so mọ́ 100 tàwọn tó kù, orúnkún bàbá wá ń ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú screen.

Tó bá ṣókùnkùn, ẹ gbé iná wá! Iná wà níbẹ̀, ó fara ti ògiri, ẹnì kankan ò tàn án.

Èmi ni mo máa pe bàbá lọ́la pé kí wọ́n tún wá fi orúnkún yẹn rìn.