Àtúnṣe: Kì í ṣe Bob Kane nìkan ló ya àwọn ìtàn Batman

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé Bob Kane, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, nìkan ló fọwọ́ ara rẹ̀ ya gbogbo ìtàn Batman, akọni inú ìwé ìtàn aláwòrán, láti ọdún 1939 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ló wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, orúkọ Kane ni wọ́n ń tẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán mìíràn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ yẹn. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Dick Sprang, tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ní 1915, tí ó gba iṣẹ́ Batman ní 1941, tí àwòrán rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1943, tí ó sì ń yà á lọ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní tèmi, iṣẹ́ Sprang ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yìn nígbà tí wọ́n bá rò pé Kane ni àwọn ń yìn, pàápàá àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé (taipuráítà) ràgàjì tí Batman ń jà lórí wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ wádìí lè wo Grand Comics Database, àkójọ àkọsílẹ̀ nípa àwọn ìwé ìtàn aláwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ ayàwòrán sí ìtàn kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó pín ọ̀rọ̀ náà kò jẹ̀bi. Orúkọ tó wà lójú ìwé ni wọ́n rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.